Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fín Sójú Àpá

Ọkùnrin kan wà tó ń kan páànù sórí ilé, òun àti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọ̀hún á mọ̀ pé kò ṣeé dá ṣe. Ẹnì kan á wà lókè, ẹnì kejì á wà lórí àkàbà, wọ́n á jọ di páànù mú. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ àfi tí èkejì bá sọ pé, "Mo ti gbà á."

Lọ́jọ́ kan, lórí ilé bàbá ìyàwó àbúrò, páànù já wá látòkè. Àbúrò ló wà lókè. Ẹ̀gbọ́n ló wà lórí àkàbà, páànù sì la apá rẹ̀ láti èjìká dé ìgúnpá. Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n rán an, ó padà wálé. Àwọn àgbà ẹbí wá pe àwọn méjèèjì jókòó. Wọ́n ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Wọ́n ní kí àbúrò dọ̀bálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Wọ́n ní ó ti tán, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ńṣe ni páànù yọ̀ lọ́wọ́ àbúrò, tàbí ńṣe ló fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè, wọ́n á gbọ́ èsì, wọn ò sì fẹ́ gbọ́. Àwọn ẹbí nílẹ̀ wa fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ tètè tán ju kó tán dáadáa lọ.

Egbò náà jinná lójú. Àpá rẹ̀ ga, ó ń dán, bí okùn tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ awọ. Ẹni tó bá rí i á béèrè ohun tó ṣe é, ẹ̀gbọ́n ò sì ní sọ pé iṣẹ́ ló fà á. "Àbúrò mi ni," ni yóò sọ, yóò sì ro gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó rò ó fún onígbàjámọ̀, ó rò ó fún ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì, kódà ó rò ó fún àlejò tó kàn wá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibì kan wà nínú ìtàn náà tí kì í mẹ́nu bà. A óò débẹ̀.

Àbúrò gbọ́ ohun tó ń sọ kiri. Ó kó lọ sí ìlú mìíràn, kò sì wá mọ́.

Páànù ilé ìyá wọn wá dípẹtà, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Wọ́n ní kó pe akanpáànù mìíràn, ó ní láéláé. Ó ní ọmọ akanpáànù méjì lòun bí. Ó ní bí wọn ò bá lè jọ gun òkè ilé òun, kí òjò máa pa òun. Ó ń ti bẹ́ẹ̀dì láti igun dé igun, ó ń gbé bàsíà sílẹ̀ káàkiri. Obìnrin náà lágídí, ẹ̀gbọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Àánú rẹ̀ ló mú kó ránṣẹ́ sí àbúrò pé kó wá, kí wọ́n jọ ṣe é kí òjò tó le sí i. Àbúrò ní òun ń bọ̀.

Inú ẹ̀gbọ́n dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ó mọ̀ pé apá òun ni àbúrò máa kọ́kọ́ rí. Kò mọ ohun tóun máa sọ. Ó wá rò ó pé bóun bá kọ ọ̀rọ̀ sójú àpá náà, òun ò ní nílò kóun lanu.

Ó lọ bá obìnrin kan tó ń fín ara lẹ́yìn ọjà. Ohun tí àwọn ìyá wa ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe, ẹ̀rọ lòun fi ń ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ sì ń pè é ní tátù. Obìnrin náà yẹ apá rẹ̀ wò. Ó rí àmì dúdú kan nítòsí ìgúnpá, ó ní òun ò ní fín nǹkan sórí ìyẹn. Ó ní àmì tí wọ́n bá bí mọ́ni, gbangba ló yẹ kó wà, pé bó bá yí padà lọ́jọ́ kan kí ẹni tó ni ín lè tètè rí i. Lẹ́yìn náà ló fi àtàǹpàkò tẹ ojú àpá.

"Ojú àpá ò lè jọ ojú ara, bọ̀ọ̀dá," ó ní. "Ṣé ó máa ń yún yín?"

Ọkùnrin náà ní rárá. Irọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló fi ara ha òpó ilẹ̀kùn nítorí rẹ̀. Obìnrin náà bi í bó ṣe pẹ́ tó, ó fi ọdún kún un.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀," obìnrin náà sọ. "Àpá tó bá ṣì ń yún, egbò ni."

Ọkùnrin náà ní kó kọ O TI TAN, gàdàgbà, látòkè dé ìsàlẹ̀. Obìnrin náà ní ṣé kóun fàmì ohùn sórí ẹ̀. Ọkùnrin náà ní ta ni kò mọ̀ ọ́n kà?

Ara ò gbà á. Ojú àpá tún wú, lẹ́tà náà sì bá a wú. Lẹ́tà I tó bọ́ sójú ibi tí wọ́n rán, ẹran yọ láàárín rẹ̀, ó là á sí méjì, ó wá dà bíi I méjì. Birikilà kan kà á níbi iṣẹ́, ó ní "Ọtí tán," ó sì bi í pé ilé ọtí wo. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wọ ẹ̀wù alápá kúkúrú mọ́.

Àbúrò dé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n gbé àkàbà ti ògiri, ẹ̀gbọ́n sì gùn ún. Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Oòrùn mú, ẹ̀gbọ́n gbàgbé ara rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù. Àbúrò tó fẹ́ gbé páànù dúró, ó ń wo apá náà. Ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbé páànù sílẹ̀.

"Ò tíì tán," ó ní. "Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n ní láti sọ láti tún un kà fún un. Ó lanu láti sọ ọ́. Àpá náà ń yún un. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo páànù tí ìpẹtà ti jẹ lórí ilé, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Bó o ṣe kà á yẹn ló rí," ó ní. "Ṣé ó yọ̀ lọ́wọ́ ẹ ni, àbí o fi í sílẹ̀?"

Àbúrò gbé báàgì sílẹ̀. "Mo fi í sílẹ̀. Inú ló bí mi. Mi ò mọ̀ pé apá yín ti wà níbẹ̀." Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n. "Ẹ pè mí ní ọ̀lẹ tí ìyàwó ń bọ́, níwájú bàbá ìyàwó mi."

Ibẹ̀ ni ìtàn ẹ̀gbọ́n kì í dé.

"Mo pè ẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mi ò sì tíì sọ ọ́ fẹ́nì kankan rí."

Omijé bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Wọn ò gun òkè ilé lọ́jọ́ náà. Ìdí àkàbà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń jiyàn, wọ́n tún ń sọ ọ́, títí oúnjẹ tí ìyá wọn gbé wá fi tutù. Òjò rọ̀ lóru, ìyá wọn tún ti bẹ́ẹ̀dì, kò sì ráhùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àbúrò na páànù àkọ́kọ́ sókè, ó dì í mú gírígírí. "Mo ti gbà á," ẹ̀gbọ́n wí látòkè. Ìgbà náà ni àbúrò tó fi í sílẹ̀.

Ìwọ tó o wá bá mi láàárọ̀ yìí, tó o ní ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ti parí ìjà, pé kí n wá gbàdúrà sí ìdúpẹ́ yín, mi ò kọ̀. Àmọ́ nígbà tó o dárúkọ rẹ̀, mo rí i tó o ń họ ọrùn. Lọ bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi í. Sọ èyí tí ìwọ náà sọ, tó o kì í kà mọ́ ìtàn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ ka ọ̀rọ̀ yẹn sétí ara yín, kẹ́ ẹ fàmì sí i. Tó bá jẹ́ "ó ti tán" lẹ gbọ́, ẹ wá pè mí.