Akínṣìkù Ológò àti Iyán Ìyá Bángbádé

Àwọn àgbà ní, "Bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì." Ẹnu ló jẹun, kí ló wá kan ojú? Ẹ fara balẹ̀, kí n rò ó fún yín.

Láyé ìgbà tí ológò máa ń lọ jókòó ti onígbèsè títí tí yóò fi sanwó, Akínṣìkù bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ náà. Owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló fẹ́ fi san ìdána Mojírọ́lá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, nítorí àwọn àna rẹ̀ ti ní bí ọjà tó ń bọ̀ bá fi kọjá, ẹlòmíràn ni yóò fẹ́ ẹ.

Ògbólógbòó ológò kan kìlọ̀ fún un. "Adìẹ wọn, mú un, pa á jẹ. Bú wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn gbé fún ọ, má fẹnu kàn án o!"

"Baba, ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Lógunkọ́ aláṣọ rán an sílé Bángbádé, àgbẹ̀ tó jẹ ẹ́ lówó. Ó jókòó dí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi kùmọ̀ lulẹ̀. "Onígbèsè, jáde! Mi ò dìde níbí àfi tí o bá sanwó!" Àwọn ará àdúgbò ń yọjú. Iṣẹ́ náà ti ń dùn mọ́ ọn.

Ìyá Bángbádé ló jáde, ó gbé iyán gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹran ọ̀yà síwájú rẹ̀. "Ọmọ mi, ebi ò ní jẹ́ kí ohùn rẹ jáde. Jẹun ná, kí o tó máa bú wa lọ."

Háà, ọ̀yà! Akínṣìkù ní òkèlè kan péré ni. Àfi ìgbà tó fìka nu abọ́.

Ó tún lanu: "Oní..." Ojú rẹ̀ bá ti ìyá pàdé, ó bá gbé kùmọ̀ sílẹ̀. Ìyá ń rẹ́rìn-ín. "Ó ṣì kù nínú ìkòkò o, ọmọ mi." Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń bá wọn la igi.

Lọ́jọ́ ọjà, Lógunkọ́ fúnra rẹ̀ dé. "Owó mi dà?"

Akínṣìkù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ bá wọn ṣe sùúrù. Iṣu wọn ò tíì ta."

"Iṣu ò ta, iyán wá wà létè rẹ! Ṣé èmi ni mo rán ọ sí wọn ni, àbí àwọn ni wọ́n rán ọ sí mi?"

Ògbólógbòó yẹn ni Lógunkọ́ fi rọ́pò rẹ̀. Gbèsè náà jáde, owó iṣẹ́ bọ́ sápò ẹlòmíràn, Mojírọ́lá náà sì wọlé ọkọ mìíràn. Ó dun Akínṣìkù wọra. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí kò lè pariwo mọ́, orí ló máa ń tẹ̀ ba: "Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì."