Àtàǹpàkò Ẹdun àti Ìbọn Àkekèé

"Iṣẹ́ ọwọ́ ta ni èyí?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ Àkekèé ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o! Àkekèé tó jẹ́ pé ìrù ló fi ń ta ni? Ìbọn rẹ̀ á kọ́kọ́ ta ẹni tó gbé e."

"Ti Akàn tí ìwọ ń gbé kiri ńkọ́? Ẹni tí kò rìn síwájú rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ṣé ìbọn rẹ̀ ló máa wá yìn síwájú?"

"Ó ń yìn dáadáa."

"O ti yìn ín rí?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ti yin tiyín rí?"

Àwọn méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ nu ìbọn wọn.

"Ẹ jẹ́ kí n tún rí okùn àgbékọ́ yín yẹn."

Báyìí ni Òòrẹ̀ àti Ẹdun ṣe máa ń tàkúrọ̀sọ lábẹ́ igi arère, láyé ọjọ́un, nígbà láéláé tí Ẹdun ṣì ní ìka márùn-ún lọ́wọ́ ọ̀tún, tó tún ní márùn-ún lọ́wọ́ òsì.

Bẹ́ẹ̀ ni, márùn-ún. Ẹdun ní àtàǹpàkò nígbà náà, kì í sì í ṣe àtàǹpàkò lásán. Ó gùn, ó nípọn, ó sì ń tẹ̀ síwá, ó ń tẹ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ̀gún bá gún ẹnikẹ́ni nínú igbó, Ẹdun ni wọ́n ń wá kó bá wọn yọ ọ́. Bí okùn bá ta kókó, Ẹdun ló ń tú u.

Nígbà tó wá di pé Idì ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ, àwọn ẹran igbó para pọ̀, wọ́n ra ìbọn kan lọ́wọ́ Àkekèé alágbẹ̀dẹ. Irin kan wà lẹ́yìn ìbọn náà tí a gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn kó tó lè yìn. Irin náà le bí ojú ìkà. Ẹtu gbìyànjú, pátákò rẹ̀ yọ̀. Ọ̀yà fi eyín fà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká léyín. Ẹdun na àtàǹpàkò kan ṣoṣo sí i. Kẹ́! Irin gba ẹ̀yìn lọ.

Ni wọ́n bá gbé ìbọn lé Ẹdun lọ́wọ́.

"Orí ẹ̀ka tó ga jù ni kí o máa jókòó sí," ni wọ́n wí. "Ojú ọ̀run ni kí o máa wò. Bí o bá ti rí Idì, yìn ín."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni Ẹdun dá wọn lóhùn.

Iṣẹ́ tó rọrùn ni, àbí kò rọrùn? Ṣùgbọ́n ẹni tí ìbọn bá wọ̀ lójú tán, kì í rí Idì mọ́.

Ẹdun kọ́kọ́ rán àpò fún ìbọn náà kí ìrì má baà pa á. Ó fi okùn di ẹnu àpò, ó sì ta á ní kókó tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè tú u. Ó to owó ẹyọ sí ìdí ìbọn. Ó wá lẹ dígí kékeré kan mọ́ ara ọ̀pá rẹ̀.

"Kí ni dígí wà fún, ẹ̀gbọ́n?" ni Òòrẹ̀ bi í.

"Kí n lè máa rí ẹ̀yìn mi ni."

Ojú ara rẹ̀ ló ń rí nínú dígí náà, ó sì ń wò ó dáadáa.

Òòrẹ̀ ní tirẹ̀ ti lọ ra ìbọn lọ́dọ̀ Akàn, alágbẹ̀dẹ tó ń bẹ létí odò. Òòrẹ̀ kò lè fa irin ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí kò ní àtàǹpàkò tó lè fà á. Ìyẹn ò ní kó má mọ ohun gbogbo nípa ìbọn. Ìwo ẹ̀tù mẹ́ta ló gbé kọ́ ọrùn: ọ̀kan fún ìgbà òjò, ọ̀kan fún ìgbà ẹ̀rùn, ọ̀kan nítorí pé ó lẹ́wà. Ìkòkò tábà kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó gbà pé ọ̀rọ̀ ìbọn kì í wọni létí tí èéfín kò bá sí níbẹ̀.

Ẹdun ní ìyàwó kan, Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin kan ni, wọ́n sọ ọ́ ní Ìbíwùmí. Ẹ sì mọ bí ọmọ ẹdun ṣe máa ń rí. Ìyá dúdú, bàbá dúdú, ṣùgbọ́n funfun báláú ni wọ́n ń bí ọmọ, bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jókòó láàárín ewé tútù, Idì tó wà lókè ọ̀run á rí i bí ẹni rí àtùpà nínú òkùnkùn. Àwẹ̀ró mọ èyí, oorun kì í sì í kùn ún.

"Bàbá Ìbíwùmí, ẹ gun orí ẹ̀ka yín lọ."

"Mò ń bọ̀. Mò ń ṣàlàyé nǹkan fún Òòrẹ̀ ni."

"Kí lẹ ń ṣàlàyé láti àárọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

"Idì ò mọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin o!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjìji ńlá kan kọjá lórí koríko. Àwẹ̀ró fi igbe ta.

"Bàbá Ìbíwùmí! Idì! Ẹ yìn ín!"

Ẹdun gbá ìbọn mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó.

"Ẹ yìn ín!"

"Mò ń tú u!"

"Kí lẹ ń tú?"

"Ṣe sùúrù, okùn náà ò gbọdọ̀ já, tuntun ni!"

Kí kókó tó tú, Idì ti lọ. Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́, aládùúgbò wọn, ló gbé lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó, ó ń wo ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣeré.

Ẹdun àti Òòrẹ̀ lọ bá a kẹ́dùn. Wọ́n dorí kodò. Wọ́n ní kí Ẹlẹ́dàá má jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀ mọ́. Wọ́n wá yípadà láti máa lọ. Wọn ò tíì dé ẹsẹ̀ igi tí Òòrẹ̀ fi ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ká ní ọ̀pá ìbọn yín gùn díẹ̀ sí i ni..."

"Kì í ṣe gígùn. Ẹ̀tù ni. Ẹ̀tù òde òní ò gbóná."

"Ẹ̀tù kọ́. Igi ìdí rẹ̀ ni. Akàn kì í fi irú igi yẹn ṣe é."

"Má pe Akàn fún mi!"

Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi wọ̀. Abẹ́ igi Ọ̀kẹ́rẹ́ náà ni wọ́n dúró sí. Ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń gbọ́ wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró mú àpò ìbọn náà, tòun ti okùn, tòun ti kókó, ó jù ú sódò. Ó wá gbé ìbọn síwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́, Bàbá Ìbíwùmí. Ẹ ki ìbọn yìí níṣojú mi."

Ẹdun da ẹ̀tù sí i. Ó kó ọta lé e. Ó fi ọ̀pá gún un wọlé.

"Ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé."

"Ẹ gun òkè. Ebi ń pa mí, mò ń lọ já ewé jẹ. Ọ̀dọ̀ yín ni mo fi ọmọ sí. Bí ohunkóhun bá ṣe Ìbíwùmí, ẹ má wá mi wá sílé. Ẹ wá ìyàwó mìíràn tí yóò máa gbọ́ ìtàn okùn àgbékọ́."

Ohùn rẹ̀ kò le, òun ló sì ba Ẹdun lẹ́rù. Ó gun òkè. Ó gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ di ìrù bàbá rẹ̀ mú. Ẹdun ń wo ọ̀run, ó ń wo ọmọ, ó tún ń wo ọ̀run. Inú rẹ̀ dùn. Ó rí i pé iṣẹ́ náà kò nira rárá.

Ni èéfín tábà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀."

"Ta ló ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀? Mo kàn bá Akàn pàdé létí odò ni."

Ẹdun tẹjú mọ́ ọ̀run.

"Ó béèrè yín."

"Kí ló wí?"

"Rárá o, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Òòrẹ̀! Kí ni Akàn wí?"

"Ó ní ìbọn Àkekèé ń jò. Ó ní atẹ́gùn ń gba ara ọ̀pá rẹ̀ jáde bí omi inú ajẹ̀rẹ̀. Èmi kọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Akàn ló wí bẹ́ẹ̀."

Ẹdun wo ọ̀run. Ọ̀run mọ́ kedere. Ó wo ọmọ. Ọmọ ń fi ewé kan ṣeré.

"Kíá ni mo máa padà," ló sọ fún ọmọ náà. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ kò bá a jiyàn. Ni Ẹdun bá gbé ìbọn, ó yọ̀ wálẹ̀ lára igi.

Àwọn tó fẹ́ràn ìbọn ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mọ èyí tó ń jò. Ẹnì kan á fi ìdí ìbọn gúnlẹ̀, á sì fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ gbọin-gbọin. Ẹnì kejì á gbé ẹnu sí ihò kékeré tí iná ń gbà wọ ọ̀dọ̀ ẹ̀tù, á fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí atẹ́gùn bá yọ níbì kankan, a jẹ́ pé ó ń jò nìyẹn. Ẹdun àti Òòrẹ̀ ti ṣe é títí ó fi mọ́ wọn lára. Wọn kò sì fara pa rí, nítorí kò sí ọjọ́ kan tí nǹkan wà nínú ìbọn náà rí.

"Ẹ dí i dáadáa, ẹ̀gbọ́n."

"Mo ti dí i."

"Àtàǹpàkò kan ò tó. Ẹnu ìbọn Àkekèé ti fẹ̀ jù."

Ẹdun gbé àtàǹpàkò òsì lé ti ọ̀tún lórí.

"Kò mì báyìí?"

"Ta ló ń mì? Àtàǹpàkò tèmi? Fẹ́ ẹ jàre!"

Òòrẹ̀ ti ìkòkò tábà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó fa èémí sínú, àyà rẹ̀ wú.

Dígí kékeré ara ìbọn náà sì wà lójú Ẹdun gan-an. Ó wò ó, bó ṣe máa ń wò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí kì í ṣe ojú ara rẹ̀ ló rí. Ìyẹ́ ńlá méjì ló rí tó ń já bọ̀, èékánná ló rí, ó sì rí ohun funfun kan lórí ẹ̀ka tí ò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni ó rántí òwúrọ̀. Ó rántí ohùn Àwẹ̀ró: ṣé ó ti wọlé?

"Òòrẹ̀, dúró, ó ti wọ—"

Òòrẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ̀ta iná ta jáde nínú ìkòkò tábà, ó já sí ojú ihò.

GBÒÀ!

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìbọn Àkekèé kò jò. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹnu ló gbà jáde.

Ariwo náà kò ba Idì lẹ́rù. Idì ti gbọ́ àrá rí. Ó nasẹ̀ sí ọmọ. Ṣùgbọ́n Ẹdun wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wo òkè, ó sì la ẹnu.

"Gbòòòòòòòò!"

Ìrora ọwọ́ wà nínú igbe náà, ẹ̀rù ọmọ sì wà níbẹ̀. Ewé já bọ́ lórí igi. Ẹja wọ abẹ́ òkúta lọ nínú odò. Idì kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lókè tàbí nílẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ dàrú, èékánná rẹ̀ ṣì í, ewé tí ọmọ fi ń ṣeré ló já gbà lọ. Kó tó yí padà, Àwẹ̀ró ti fò láti orí igi kejì, ó ti gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ti wọ inú ewé lọ.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó fi ewé di ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ọ̀tún àti òsì.

"Ohùn yẹn," ló wí, "ṣé ẹ ti ní i tipẹ́?"

"Ó ti wà lára mi tipẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó wúlò ni."

"Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ ì bá wà láàyè lónìí."



Láti ọjọ́ náà ni ẹdun kò ti ní àtàǹpàkò mọ́. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ bá rí i: ìka mẹ́rin ló ń bẹ níbẹ̀, ibi tó yẹ kí ìka karùn-ún wà kò ju kókó kékeré kan lọ. Kò lè fa irin ìbọn mọ́, àwọn ẹran igbó sì gba ìbọn wọn padà. Orí ẹ̀ka tó ga jù ló ń gbé báyìí. Bí òjìji Idì bá kọjá, ẹnu ló fi ń yin ìbọn tirẹ̀, "Gbòòò!", gbogbo ọmọ inú igbó á sì sá pamọ́.

Òòrẹ̀ ńkọ́? Kò kú. Ojú rẹ̀ ṣáà dúdú bí ìdí ìkòkò, gbogbo irun ẹ̀yìn rẹ̀ sì dìde ṣánṣán. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń san bọ̀, ó wá kí i. Ó ti ra ìkòkò tábà mìíràn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"O ṣeun." Ẹdun wo ẹ̀yìn bóyá Àwẹ̀ró wà nítòsí, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n o rí i pé kò jò."

Òòrẹ̀ ronú sí i títí. Ó gbé ìwo ẹ̀tù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ ọrùn, ó ti ìkòkò tábà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà.

"Lóòótọ́, kò jò," ló wí bó ṣe ń lọ. "Ṣùgbọ́n ká ní ti Akàn ni, ẹ̀gbọ́n, gbogbo apá ni ì bá gbé lọ."