Èéfín Lórí Ṣówándé Káfíńtà

Èmi kò mọ nǹkan kan o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnìkan má baà fi ìwé ńlá bò mí lójú. N kò kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, n kò jẹ oyè, ojú ni mo kàn fi ń wo ayé, ẹnu ni mo sì fi ń fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ìlú Ìdí-Ìyeyè ló yẹ kí wọ́n sọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ ka orúkọ baba ńlá wọn méje, iyán á sì ti tutù. Ẹ jẹ́ kí èmi aláìmọ̀kan bá yín sọ ọ́ wéréwéré.

Ọkùnrin kan wà ní Ìdí-Ìyeyè tó ń jẹ́ Ṣówándé, káfíńtà ni. Nígbà tí à ń wí yìí, páànù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú ni. Ìdajì ilé ṣì wà lábẹ́ koríko, ìdajì tó kù sì ń dán lókè bí eyín ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rówó. Kò sí ilé onípáànù kan nínú ìlú tí kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún Ṣówándé ló kàn án. Ọwọ́ náà le ju òòlù tó ń dì mú lọ. Bó bá gbá ìṣó lẹ́ẹ̀kan, ìṣó ti wọlé. Bó bá gbá a lẹ́ẹ̀kejì, a jẹ́ pé àwọn obìnrin ń wò ó ni. Ó ga, ó sanra, ọrùn rẹ̀ ki bí ìdí ọ̀pẹ, bó bá sì sọ̀rọ̀ lórí òrùlé, àwọn tó ń pọnmi lódò á dáhùn.

Kí ló ń jẹ? Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Àṣà ìlú náà ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá kan páànù ìkẹyìn, onílé á pa ẹran fún káfíńtà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a máa jẹ ẹran; ọ̀rá ni Ṣówándé ń jẹ. Ọ̀rá ìdí àgbò, bọ̀kọ́tọ̀, àbọ́dì tí epo ń kán lára rẹ̀ tó-tó-tó. Nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, láàárín ìṣó àti ayùn, ó di iyọ̀ sínú bébà, nítorí ó ní àwọn obìnrin ìlú náà kò mọ ọbẹ̀ í sè. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn obìnrin ìlú náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò rán an létí?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, Ṣówándé wà lórí ilé tó ń kàn nígbà tó rí èéfín tín-ínrín kan tó ń yọ lórí ilé koríko Láwàní ahunṣọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà. Iná ló ta pàrà láti ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, tó bà lé koríko. Láwàní fúnra rẹ̀ ti jẹun yó, ó nà gbalaja sórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Láwàní! Láwàní o! Òrùlé rẹ ń rú èéfín!”

Láwàní la ojú kan, ó wo òkè. “Èéfín lásán ni,” ó ní. “Kò tíì jó mi. Jẹ́ kí n sùn díẹ̀, bó bá di iná màá dìde.”

Ẹ gbọ́ ọ, bó bá di iná! Ṣówándé kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà bí ọ̀bọ, ó sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbá Láwàní lẹ́sẹ̀ mú, ó wọ́ ọ síta tòun tẹní. Ó gun òrùlé, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa koríko tó ń rú èéfín ya, ó ń jù ú sílẹ̀, àwọn èèyàn ń da omi lé e. Igun kan péré ló jó. Ìgbà náà ló wá dúró lókè, tó kọjú sí gbogbo àdúgbò, tó pariwo:

“Láwàní, ṣé wọ́n máa ń fi iná sórí òrùlé sùn ní ìdílé yín ni?”

Ìlú rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ yàgbẹ́ sára. Fún odidi ọdún méjì, Láwàní kò lè ra ata lọ́jà kí wọ́n má bi í bóyá ó ti sun oorun rẹ̀ tán. Wọ́n sọ ọ́ ní Sùn-díẹ̀. Láwàní padà sídìí òfì rẹ̀. Ahunṣọ ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òwú de ọjọ́ aṣọ.

Lọ́dún kẹta, ìjọba rán nọ́ọ̀sì kan wá sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Dúpẹ́olú ni orúkọ rẹ̀, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí bàtà rẹ̀ funfun débi pé eruku Ìdí-Ìyeyè kọ́kọ́ ń tijú láti bà lé e. Ó kéde pé òun fẹ́ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gbogbo àgbàlagbà ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe gbọ́ “lọ́fẹ̀ẹ́”, wọ́n rọ́ dé. Àwọn mìíràn gbé abọ́ dání.

Nọ́ọ̀sì ń di aṣọ dúdú kan mọ́ wọn lápá, ó ń tẹ rọ́bà róbótó kan fùù-fùù, ó sì ń ka nọ́ńbà jáde. Ti Láwàní jẹ́ àádóje lórí ọgọ́rin. Ó kan Ṣówándé: igba ó dín mẹ́wàá lórí àádọ́fà.

Ṣówándé fò dìde. “Igba ó dín mẹ́wàá! Ẹ gbọ́ o! Láwàní, èló ni tìrẹ? Àádóje? Ọmọdé ni ọ́! Nọ́ọ̀sì, tún un wọ̀n, bóyá yóò pé igba!”

Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún un. Olóyè kan tí tirẹ̀ kò ju ọgọ́fà lọ bínú lọ sílé, ó ní káfíńtà kò lè ju òun lọ lójú ìlú.

“Bàbá, a kò díje níbí,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ jókòó. Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ó ń fi ipá gbá iṣan ara yín bí àgbàrá ṣe ń gbá ògiri alámọ̀. Ọ̀rá tí ẹ sì ń jẹ yẹn, bí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, inú iṣan ló ń lẹ̀ mọ́, bí epo tó dì sínú ọ̀pá. Lọ́jọ́ tí èyí tó lọ sí ọpọlọ bá dí, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn.”

“Ṣé o rí i tí mo ń ké ni? Ibo ló ń dùn mí?”

“Kò ní dùn yín, Bàbá. Ibẹ̀ gan-an ló ti burú.”

“Ọmọ mi, ohun tí kò dunni kì í ṣe àìsàn. Ìwọ lọ jẹun, o gbẹ jù.”

Síbẹ̀, nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn nínú agolo kékeré kan: hóró kan láràárọ̀, ara ìbáà yá, ìbáà má yá. Ó ní kó dín iyọ̀ kù, kó fi ọ̀rá sílẹ̀ fún ajá, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni Ṣówándé fi lo oògùn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ní ara òun ti yá, kò sì rántí pé òun kò fìgbà kan gbà pé ara òun kò yá. Ó da oògùn nù, ó kó ìṣó wẹ́wẹ́ sínú agolo. Agolo náà dára, ìdérí rẹ̀ le.

“Baba Morẹ́nikẹ́, oògùn yín dà?” ni Àwẹ̀ró máa ń bi í.

“Agolo wà nínú àpótí.” Kò purọ́. Agolo wà nínú àpótí.

Ó wá ku ọ̀la kí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tuntun tí ìlú kọ́. Wọ́n ti pe ọba ìlú kejì, wọ́n ti so ẹran mọ́lẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó páànù wá ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ìlú sì tú jáde wá wòran. Páànù mẹ́ta ló kù. Ṣówándé wà ní ṣóńṣó òrùlé, ó ń kọrin, ó ń bú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó kan ọ̀kan. Ariwo sọ! Ó gbé òòlù sókè láti kan èkejì, òòlù já bọ́. Ó yí lórí páànù gbàrà-gbàrà-gbàrà, ó sì já sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ olóyè tó ní ọgọ́fà.

Ṣówándé la ẹnu láti bú òòlù. Ohun tó jáde dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu náà ti wọ́ sápá òsì. Ọwọ́ ọ̀tún so rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ìlú ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́! “Káfíńtà, o kú eré! Ẹ wo bó ṣe ń yínmú!”

Àwẹ̀ró nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ju àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Kì í ṣe eré! Ẹ gbé ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀!”

Ọkùnrin mẹ́fà ló fi okùn gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ igi ìyeyè. Ẹnìkan sáré lọ pe nọ́ọ̀sì. Àwọn tó kù di oníṣègùn lójijì: èyí ní kí wọ́n da omi tútù lé e lórí, tọ̀hún ní òòrùn ni, ẹlòmíràn ní ayé ni, ó sì ń wo ẹni tó jókòó tì í. Kí èèyàn tó lè jẹ ẹ̀kọ méjì tán, ẹnu Ṣówándé ti padà sípò. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó di ìkúùkù, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ rí i? Ó ti lọ. Àárẹ̀ lásán ni. Ẹ tẹ́ ẹní fún mi kí n sùn díẹ̀. Bí mo bá jí, màá kan páànù méjì tó kù.”

Nọ́ọ̀sì dé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, bàtà rẹ̀ kò funfun mọ́. Ó wọn ìfúnpá rẹ̀: ó ti kọjá igba. “Bàbá, ẹ má sùn! Àmì nìyẹn. Ó jọ pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ló dí tó tún là. Òmíràn lè tẹ̀lé e lónìí yìí. Ọkọ̀ nìyí, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.”

“Kí n fi gbọ̀ngàn sílẹ̀ níhòòhò kí ọba wá bá a? Ó ti lọ, mo ní. Ẹní dà?”

“Ẹ jẹ́ kó sinmi,” ni àwọn àgbà wí. Kò sí ohun tí àgbà kò lè fi “ẹ jẹ́ kó sinmi” bàjẹ́. Ẹní dé. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀: “Baba Morẹ́nikẹ́, ẹ dákun. Ọwọ́ ọ̀tún yín yẹn ni gbogbo ilé wa ń jẹ.” Ṣówándé dùbúlẹ̀, ó pa ojú dé.

Bẹ́ẹ̀ ni Láwàní gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dé láti ìdí òfì, òwú ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó wà lórí ẹní, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn èèyàn rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ṣówándé, kí ló ṣe ọ́?”

“Àárẹ̀ lásán ni.”

“Kò tíì jó ọ?”

Ṣówándé la ojú kan.

“Bó bá di iná, wàá dìde?”

“Láwàní, fi mí sílẹ̀,” ni Ṣówándé wí.

“Ìwọ fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Orí rẹ ni òrùlé rẹ, Ṣówándé, gbogbo ìlú ló sì rí èéfín níbẹ̀ lónìí. Ohun tí o bi mí ni mo fẹ́ bi ọ́, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń bá ọ tọ́jú ẹ̀: ṣé wọ́n máa ń fi iná sórí òrùlé sùn ní ìdílé yín ni?”

Kò dúró gba èsì. Ó gbá a lẹ́sẹ̀ mú, ó fà á. Ahunṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, káfíńtà bí erin; ẹní kò mira. Àwẹ̀ró gba ẹsẹ̀ kejì. Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà, ó di etí ẹní mú. Ìgbà náà lojú ti ìlú, wọ́n dà bò ó, wọ́n gbé e gìrìgìrì sínú ọkọ̀, Ṣówándé ń ṣépè, ọkọ̀ sì fi eré dá eruku sílẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá ni ọwọ́ ọ̀tún náà tún ti já wálẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ìṣojú dókítà ló ti já. Ẹnìkan kò ní láti máa wá oníṣègùn kiri. Wọ́n gbá a mú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ọ̀rá inú rẹ̀ tó ohun tí wọ́n fi ń din àkàrà. Dókítà ní bó bá jẹ́ orí ẹní ni èyí bá a, lójú oorun, ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn láìsí i, òòrùn sì gba ojú ihò páànù méjì lu àwọn olóyè lórí. Wọ́n sọ fún mi pé ó dùn ún wò. Nígbà tí Ṣówándé padà, òun ló kan méjèèjì. Ìka méjì lára ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń lọ́ra, ó di kó gbá ìṣó lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó wọlé, yálà obìnrin ń wò tàbí wọn kò wò. Ó da ìṣó kúrò nínú agolo, oògùn padà síbẹ̀, ó sì ń lò ó láràárọ̀. Iyọ̀ kúrò nínú àpótí. Ó wá rí i pé ọbẹ̀ Àwẹ̀ró dùn látijọ́. Lóṣooṣù ló ń lọ bá nọ́ọ̀sì, tó sì ń pariwo jáde: “Ọgọ́fà ó lé mẹ́jọ! Ta ni tirẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ?” Oníjà kì í yéé díje, ibi tí ìdíje kọjú sí nìkan ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ Láwàní kò padà sí ìdí òfì mọ́. Bí ẹnìkan bá rí àmì ewu tó tún ń wá ẹní, òun ni wọ́n ń fi lé e dìde, ibẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti mú un tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìwọ tó ti ń fi Ṣówándé rẹ́rìn-ín láti òkè wá, èló ni tìrẹ?