Kànga Tí Òkété Gbẹ́ Nílùú Ehoro

"Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"

Ààlọ́ mi balẹ̀ sí ìlú àwọn ehoro, níbi tí ọ̀dá ti mú.

Erin, ọba ìlú kejì, máa ń fi akèǹgbè omi ránṣẹ́ sí wọn. Òfin rẹ̀ kò gba ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n akèǹgbè ń sán nínú oòrùn, omi sì ń dànù.

Òkété, ọ̀kan nínú àwọn ará ìlú Erin, ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n lọ gbẹ́ kànga fún wọn."

"Bí kò bá rómi ńkọ́?" ni àwọn ìjòyè wí.

Àyà Erin já, síbẹ̀ ó ṣòfin tuntun: "Ẹni tó bá mú ọgbọ́n tuntun wá, kó dán an wò. Bó bá kùnà, kò sí ìyà."

Òkété gbẹ́ ihò kìíní, ó kan àpáta. Eruku ló bá nínú èkejì. Ó ń gbẹ́ ẹ̀kẹta lọ́wọ́. Ìyá Ehoro kan gbé ọmọ rẹ̀ tó ti dákú mọ́ra, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

"Òkété, ṣé omi ti dé?"
Tẹ̀rẹ̀nà!
"Ọmọ mi ò lajú mọ́!"
Tẹ̀rẹ̀nà!

Ẹrẹ̀ tútù kan Òkété lọ́wọ́. Ó sáré fi ra ètè ọmọ náà.

Ahọ́n kékeré yọ, ó lá a.

Ibi tí wọ́n ti ń pọnmi ni mo fi wọ́n sílẹ̀ sí.