Ọ̀bọ Gé Okùn Omi

"Ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"

Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ gbì, ó dá lórí Ọ̀bọ tó ní òun mọ ìṣirò ju ẹni tó kọ́ òun lọ.

Ọ̀dá dá. Odò gbẹ, kànga gbẹ, itọ́ gan-an gbẹ lẹ́nu ìyá Ọ̀bọ. Omi kan ṣoṣo tó kù wà nínú kòtò àpáta, ogún ọ̀pá sí ìsàlẹ̀. Ehoro ní okùn tó gùn ní ogún ọ̀pá gẹ́lẹ́. Wọ́n so ó mọ́ gbòǹgbò kan létí kòtò, wọ́n ń fi pọnmi.

Lọ́jọ́ kan, gbòǹgbò já, pàù! Igi tó sún mọ́ ibẹ̀ jù fi ọ̀pá mẹ́wàá jìnnà sí kòtò.

Ọ̀bọ ní, "Ẹ fi àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún okùn."

Ehoro ní, "Nínú kí ni?"

"Nínú ogún! Ìdajì rẹ̀, mẹ́wàá!"

Òkété yá wọn ní ọ̀pá mẹ́wàá. Okùn di ọgbọ̀n, ó kan igi, ó kan omi. Ọ̀bọ ń jó. Ẹ bá mi gbè é:

Àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún o
*Nínú kí ni?*
Ọ̀bọ ọmọ oníṣirò
*Nínú kí ni?*

Nígbà tó yá, wọ́n ri èèkàn líle mọ́ etí kòtò, kí wọ́n lè so okùn mọ́ ọn dípò igi. Òkété ní kí wọ́n dá okùn òun padà.

"Kò le," ni Ọ̀bọ wí. "Àádọ́ta la fi kún un, àádọ́ta la ó gé kúrò. Ó parí!"

"Ọ̀bọ, nínú kí ni?"

"Ìwọ Ehoro yìí! Etí rẹ ló gùn, ọgbọ́n rẹ kúrú."

Ó ká okùn sí méjì, ó gé e láàárín, fẹ̀ẹ́! Òkété gba tirẹ̀, ó yára wọ ihò. Ẹ tún gbè é!

*Nínú kí ni?*

Ọ̀bọ gbé akèrègbè kọ́rùn, ó ń lọ pọnmi fún ìyá rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wọ̀rọ̀, wọ̀rọ̀, wọ̀rọ̀. Àfi bí okùn ṣe tán! Omi ń dán nísàlẹ̀, ó ku ọ̀pá márùn-ún. Ó na ẹsẹ̀, kò tó o. Ó na ìrù, kò tó o. Ó na ahọ́n, ẹ má rẹ́rìn-ín, kò tó o. Apá ń ro ó.

"Ehoro, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o!"

Ehoro yọjú, ó ń kọrin:

Àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún o
*Nínú kí ni?*

"Nínú ọgbọ̀n!" ni Ọ̀bọ ké. "Nínú ọgbọ̀n ni mo ti gé e! Mẹ́wàá la yá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo dá padà!"

"Ó dáa. Etí mi gùn, ọgbọ́n mi kúrú. Okùn tìrẹ ńkọ́?"

Wọ́n fà á sókè. Wọ́n bá Òkété nínú ihò, ó ti fi ọ̀pá márùn-ún tó jẹ́ èlé ṣe ìrọ̀rí. Wọ́n gbà á, wọ́n so ó padà. Lọ́jọ́ náà, ìyá Ọ̀bọ mumi títí ó fi gùnfẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ pé "nínú ọgọ́rùn-ún", ẹ kọ́kọ́ bi í pé nínú kí ni. Ìdajì ogún kì í ṣe ẹgbẹ́ ìdajì ọgbọ̀n. Bí mo bá parọ́, kí okùn mi má kan omi.