Igi Ọrun Tí Ehoro Tà fún Ará Ìlú

Àlọ́ o!

— Àlọ̀!

Ta ló dáhùn bí ẹni tí ebi ń pa yẹn? Àlọ́ o!

— Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi ró gbì, ó ró gbà, kò bà lé orí olówó, kò bà lé orí ọba. Orí Ìyá Ọ̀yà, opó ẹlẹ́pà, ló bà lé.

Ní ìgbà kan rí, ẹnu ẹyẹ Àkókó ni Ìyá Ọ̀yà ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ń yan ẹ̀pà lọ́wọ́. Àkókó tó ń fi ẹnu gbẹ́ igi bà sórí òrùlé ilé ìdáná rẹ̀.

“Ìyá Ọ̀yà, ẹ jókòó.”

“Mo ń yan ẹ̀pà. Sọ̀rọ̀.”

“Ẹ jókòó ná, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ṣé ẹnìkan kú ni? Sọ ọ́, jàre!”

“Igi ọrun tí Ehoro tà fún yín, kì í ṣe igi òkè odò. Ìyeyè ni. Ìyeyè ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ẹnu mi wọ inú rẹ̀ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n.”

Ẹ̀pà ń jó nínú ìkòkò, Ìyá Ọ̀yà kò gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ igi lásán ni. Bí iná bá ti jó igbó tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò sí koríko tí ẹnikẹ́ni lè sá pamọ́ sí, ìgbà náà ni Ìkookò máa ń wọ ìlú wọn. Ọmọ wẹ́wẹ́ ló ń gbé. Lọ́dún tó ṣáájú, ọkọ Ìyá Ọ̀yà fi kùmọ̀ lásán dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò padà wọlé. Ó wá ku opó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ni àwọn ẹranko bá péjọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ Ẹfọ̀n, wọ́n ní ọdún yìí, ọrun àti ọfà ni àwọn yóò fi pàdé Ìkookò.

Ehoro ló dìde. Ẹlẹ́nu dídùn ni.

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe ọrun? Àtòrì? Àtòrì tí a fi ń na ọmọ! Ìkookò yóò rẹ́rìn-ín títí inú yóò fi run ún. Igi ọrun gidi wà ní òkè odò. Pupa ni, ó ń dán. Èmi nìkan ni mo mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ kó àgbàdo wá.”

Wọ́n kó àgbàdo. Kò sí ilé tí kò kó èyí tó wà lórí àjà ilé ìdáná rẹ̀ wálẹ̀. Ìyá Ọ̀yà ni wọ́n ní kó gbà á jọ, torí ó mọ ọjà, kì í sì í jalè. Ó kó o fún Ehoro, Ehoro sì kó òkìtì ọrun pupa tó ti gbẹ́ tán wá. Ìyá Ọ̀yà náà ló dúró fún Ehoro. Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́n. Kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa.”

Kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ̀!

Ìyá Ọ̀yà ju ìgbakọ sílẹ̀, ó di ilé Ehoro. Ehoro ń jẹ àgbàdo sísun.

“Ehoro, igi wo lo tà fún wa?”

“Ẹ káàsán o, ìyá wa. Ṣé a kì í kí ara wa mọ́ ni?”

“Igi wo?”

“Igi òkè odò. Ẹ ò rí i bó ṣe pupa?”

“Osùn náà pupa. Epo náà pupa.”

Ehoro rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀pà lẹ mọ̀, ẹ tẹjú mọ́ ẹ̀pà. Ta ló sọ fún yín? Àkókó? Ẹni tó ń fi orí gbá igi láti àárọ̀ dalẹ́, orí ọ̀hún ṣì lè pé?”

“Dá àgbàdo wa padà.”

“Àgbàdo wo? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbà á lọ́wọ́ wọn? Ẹ lọ sọ fún ìlú pé ẹ fi àgbàdo wọn ra ìyeyè. Ká wá wo ẹni tí wọn yóò lù.”

Ọ̀rọ̀ yìí gún un lọ́kàn, torí òótọ́ ni. Nígbà tó sọ ọ́ lójú Baálẹ̀, gbogbo ìlú yí i ká.

“Ìwọ la kó o fún!”

“Àbí ẹ jọ pín in ni?”

Ìyá Ọ̀yà kò sunkún. Ó ní, “Baálẹ̀, ta ló ń kọ́kọ́ fa ọrun tuntun ní ìlú yìí?”

“Ẹni tó ta igi rẹ̀ ni. Lójú gbogbo wa.”

“Ẹ pè é kó wá fà á.”

“Bí kò bá kán ńkọ́? Ọrùn rẹ ni àgbàdo gbogbo ilé yóò wà.”

“Mo gbà.”

Ehoro mọ àṣà yìí, kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti fi àtòrì gidi ṣe ọrun kan pamọ́ fún ara rẹ̀, ó sì fi osùn àti epo kùn ún kó lè jọ àwọn yòókù. Ó gbé e dání wá, ó ń yan fanda. Kó tó lanu, Ìyá Ọ̀yà já a gbà, ó jù ú sáàárín òkìtì ọrun tó wà nílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rú gbogbo rẹ̀ pọ̀.

“Mú èyí tó bá wù ọ́.”

Ehoro wolẹ̀. Pupa. Pupa. Gbogbo rẹ̀ ń dán bákan náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló kùn wọ́n, ojú rẹ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Àwọn ọmọdé bá gbé orin:

Ẹni ta igi, wá fà á o —
Fà á ká wò!
Ẹni jẹ àgbàdo, wá fà á o —
Fà á ká wò!
Bó bá tẹ̀, a ó yìn ọ́ —
Fà á ká wò!
Bó bá kán, a ó bi ọ́ —
Fà á ká wò!

Ó di ojú, ó mú ọ̀kan, ó fà á. Páù! Igi kán sí méjì, ààbọ̀ rẹ̀ fò sókè, ó la ètè òkè Ehoro gbọọrọ títí dé imú.

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ọrun mìíràn, ó kán. Wọ́n mú òmíràn, ó kán. Ẹyọ kan péré ni kò kán. Baálẹ̀ fi omi nu osùn ara rẹ̀ kúrò, ó wò ó.

“Yéè! Àtòrì ni! Igi tó sọ pé kò dára ló fi ṣe tirẹ̀!”

Ṣùgbọ́n àtòrì tútù kì í di ọrun lójọ́ kan. Ó gbọ́dọ̀ jẹ èéfín títí yóò fi gbẹ dénú. Iná sì ti ń jó igbó bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìyá Ọ̀yà padà sílé, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra nínú ilé ìdáná. Ó gbójú sókè. Kí ló rí? Àjà. Àjà tó ṣófo, tí àgbàdo ti kúrò lórí rẹ̀. Àtòrì ni wọ́n fi tò ó! Èéfín ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kùn ún dúdú. Ó fa ọ̀kan yọ, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ kọrọdọ, kò kán. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó nà padà gbọọrọ.

Igi ọrun ni àgbàdo wọn jókòó lé lórí nígbà tí wọ́n ń kó o lọ ra igi ọrun!

Ó bọ́ síta, ó figbe ta: “Ẹ̀yin ará ilé! Ẹ wo òkè orí yín! Ẹ tú àjà!”

Wọ́n tú àjà. Wọ́n gbẹ́ àtòrì rẹ̀ sí ọrun, wọ́n fi ọsán, okùn ọrun, dè é. Nígbà tí Ìkookò dé, tó ń lá ẹnu bọ̀, ọfà kí i káàbọ̀ ní itan, òmíràn kí i ní èjìká. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi sá lọ. Ìyá Ọ̀yà ka orí àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n pé.

Ó wá ku Ehoro. Ó ti jẹ nínú àgbàdo náà, ló bá di alágbàṣe nínú oko gbogbo wọn títí àgbàdo tuntun fi gbó. Ó san fún ilé dé ilé. Ilé Ìyá Ọ̀yà ló kẹ́yìn. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ètè lílà ń gbọ̀n. Ìyá Ọ̀yà kà á, ó kà á tán, ó tẹjú mọ́ ọn.

“Ó ku ẹyọ kan.”

“Ìyá wa, nítorí ẹyọ kan?”

“Wo abẹ́ apá rẹ.”

Ehoro fa ẹyọ kan náà yọ lábẹ́ apá, ó fi sínú agbọ̀n.

“Ó pé,” ni Ìyá Ọ̀yà wí. “Máa lọ.”

Ìdí àlọ́ mi rèé, mo pàtẹ rẹ̀ síwájú yín: ẹni tó bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tó wà nílé yín, ẹ wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ tà. Ẹ má sì kó oúnjẹ yín fún ẹlẹ́nu dídùn láìtẹ igi rẹ̀ wò.