Ọdẹ́dínà àti Àparò tó Mọ Ibi tí Ọta Ń Gbà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ̀kọ ló há yín lọ́fun ni? Ẹ gbé e kó dé ilé kejì. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dún gbàù, ó fò lórí òrùlé, ó yẹ orí mi sílẹ̀, ó yẹ orí yín sílẹ̀, ó bà lé Ọdẹ́dínà tí ọta rẹ̀ kì í ba ẹran.

Ní ayé àtijọ́, ọkùnrin kan wà ní ìlú Òkè-Àwùsá. Ọdẹ́dínà ni orúkọ rẹ̀. Ó ga, ó lágbára, ó mọ ipasẹ̀ ẹran lórí ewé gbígbẹ. Ó lè yọ́ rìn títí dé ẹ̀yìn ẹtu kí ẹtu tó mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè ṣe. Kò lè yìnbọn kó bà.

Bàbá rẹ̀ ti kú. Bàbá náà kò fi oko sílẹ̀, kò fi ilé sílẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà kan péré ló fi sílẹ̀ fún un. Ọdẹ́dínà fẹ́ràn ìbọn yìí bí ẹ̀mí rẹ̀. Ó ń fi òrí pa á lójoojúmọ́, àfi bí ọmọ tuntun.

Ó wọ igbó, ó rí ẹtu. Ó gbé ìdí ìbọn lé èjìká ọ̀tún, ó la ojú méjèèjì, ó fojú sun ún. Gbàù! Igi ló bà. Ó rí ọ̀yà. Gbàù! Ọ̀gán ló bà. Ó rí ehoro tó ń sùn. Gbàù! Ehoro jí, ó yán, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àparò kan wà nínú igbó náà. Kò sí ohun tí kì í ṣàkíyèsí, kò sì sí ẹni tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ti rí Ọdẹ́dínà, kò ní fò. Á jókòó sórí kùkùté gangan, á na ọrùn, á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é o:

Ọdẹ́dínà, ọdẹ wa o,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀!*
Mo jókòó, n ò ní dìde,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀!*
Lánàá, òsì ni ọta gbà,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀!*
Lónìí, òsì ni ọta gbà,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀!*
Lọ́la, òsì náà ni yóò gbà,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀!*

Inú á bí Ọdẹ́dínà. Á yìnbọn sí i. Ọta á gba òsì lọ. Àparò á gbọn ìyẹ́ rẹ̀, á ní, "O ṣeun, ọ̀gá. Atẹ́gùn yẹn tù mí lára."

Ọ̀rọ̀ dé etí Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú náà. Ó pe àwọn ọdẹ jọ. Wọ́n yẹ ìbọn náà wò síwá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ẹnìkan ti fi oògùn di ìbọn yìí ni." Wọ́n fi omi ewé fọ̀ ọ́. Ó tàsé. Wọ́n gbé e kọ́ sókè ààrò kí èéfín pa á. Ó tàsé. Wọ́n da ẹmu sí i lẹ́nu kí inú rẹ̀ lè yọ́. Ẹtù tutù, kò tilẹ̀ dún mọ́.

Olúọdẹ bínú. Ó ní, "Ọdẹ́dínà, o ń dójú ti ọdẹ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fún ọ. A ó gbé igbá mẹ́ta kọ́ igi. Bí o bá fọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, máa gbé ìbọn bàbá rẹ lọ. Bí o bá tàsé ẹyọ kan, yóò wọ àjà mi."

Gbogbo ìlú ló mọ àjà yẹn. Ìbọn méje ló ti wọ ibẹ̀. Kò sí ìkankan tó jáde.

Ọdẹ́dínà délé, kò lè jẹun. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ń ṣa ewé kókò tó fẹ́ fi se ọbẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Baálé mi, ẹ jẹun. Iyán kì í sáré. Ẹ kò ní tàsé rẹ̀."

Ọdẹ́dínà rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó mú ewé kan tí tata ti jẹ ihò sí láàárín. Ó na ọwọ́ méjèèjì gùn, ó gbé ewé náà síwájú, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ láti inú ihò. Ó ní, "Mo rí ọ, ẹlẹ́nu gbọọrọ."

Àwẹ̀ró wò ó. Ó ní, "Kí ló dé tó jẹ́ pé ojú òsì yín nìkan ló ń yọjú?"

"Ojú méjèèjì ni mo là."

"Òsì nìkan ni mo rí. Ẹ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Òsì ni. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tún un ṣe. Òsì náà ni.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, ẹ má mira. Ẹ di ojú òsì."

Ọdẹ́dínà di ojú òsì. Àwẹ̀ró pòórá! Ewé nìkan ló rí.

"Ẹ là á. Ẹ wá di ti ọ̀tún."

Ó di ti ọ̀tún. Àwẹ̀ró wà níbẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ó ń yọ ahọ́n sí i.

Àwẹ̀ró ní, "Ojú òsì ni ọ̀gá lórí yín. Ti ọ̀tún kàn ń bá a rìn ni."

Ọdẹ́dínà gbé ìbọn, ó gbé e lé èjìká ọ̀tún bó ṣe máa ń ṣe. Ìdí ìbọn wà ní ọ̀tún. Ojú tó ń fi wo ẹran wà ní òsì. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí ìbọn ń wò, ọ̀tọ̀ ni ibi tí òun ń wò. Ó lu itan rẹ̀. Ó ní, "Ẹyẹ burúkú yẹn! Ó ti ń kọ ọ́ lórin fún mi láti ọjọ́ yìí!"

Ó kọ́kọ́ fi ewé bo ojú òsì kí ti ọ̀tún lè ṣiṣẹ́, ó wọ igbó. Ó kọlu igi. Ó kọlu òmíràn. Ó kó sínú kòtò. Ó ju ewé náà nù. Ó ní, "Bí ojú kò bá lè wá bá ìbọn, ìbọn á lọ bá ojú." Ó gbé ìdí ìbọn lé èjìká òsì.

Ẹ jọ̀ọ́, kò rọrùn o. Ọwọ́ rẹ̀ dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìbọn tì í, ó fìdí jókòó sínú ẹ̀gún. Ní ọjọ́ kejì, iná ẹtù ta sí i, ó jó ìdajì irùngbọ̀n rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọta ba etí igbá tó fi ń dánra wò. Ó dìde, ó jó, ó tún rọ ẹtù sínú ìbọn.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ó wọ igbó. Àparò jókòó sórí kùkùté, ó rí irùngbọ̀n ìdajì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó na ọrùn:

Lánàá, òsì ni ọta gbà,
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀kẹ̀!*
Lónìí, òsì ni…

Gbàù!

Kò parí rẹ̀. Inú ìkòkò Àwẹ̀ró ló ti lọ parí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Gbogbo ìlú jáde. Wọ́n gbé igbá mẹ́ta kọ́ igi. Ọdẹ́dínà gbé ìbọn lé èjìká òsì. Ariwo ta.

Olúọdẹ pariwo, "Ọdẹ́dínà! Ṣé ìbọn bàbá rẹ lo fẹ́ fi nùdí ni? Ta ló kọ́ ọ láti na ọwọ́ òsì sí àgbà?"

Ọdẹ́dínà ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Igbá ni mo nà án sí."

Gbàù! Igbá kan fọ́. Gbàù! Igbá kejì fọ́. Gbàù! Ìkẹta di èérún.

Olúọdẹ gbọn orí. Ó ní, "Kò sí nínú òfin wa. Èjìká ọ̀tún ni gbogbo ọdẹ ń lò. Gbé ìbọn wá." Ó na ọwọ́, ó di ẹnu ìbọn mú.

 Ọdẹ́dínà kò fi ìbọn sílẹ̀, kò sì fà á. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì yọ ewé kan tó ní ihò láàárín nínú àpò rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ó gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà á, ẹ bá mi fi ojú méjèèjì wo imú mi láti inú ihò ewé yìí."

Olúọdẹ kùn, ó fi ọwọ́ kejì gba ewé, ó na ọwọ́ náà, ó wò ó. Gbogbo ọdẹ tẹ̀ síwájú. Kí ni wọ́n rí nínú ihò? Ojú òsì Olúọdẹ, ó rí róbótó!

 Ni ọdẹ arúgbó kan bá fò sókè. Ó ní, "Áà! Ewúrẹ́ mi! Ìgalà ni Olúọdẹ yìnbọn sí létí oko mi, ewúrẹ́ mi tó wà ní òsì ló ṣubú! Ó ní ewúrẹ́ ló sáré wá pàdé ọta!"

Òmíràn ní, "Kèǹgbè mi ńkọ́?"

Òmíràn ní, "Etí ajá mi ńkọ́?"

Ẹ̀rín pa ìlú. Àwọn obìnrin di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Olúọdẹ tún wo ihò ewé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ojú náà á yí padà. Kò yí padà. Ó tú ọwọ́ kúrò lẹ́nu ìbọn Ọdẹ́dínà. Ó súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, báwo lo ṣe gbé e tí ìdajì irùngbọ̀n yòókù kò fi jó?"

Ẹ̀kọ́ inú ààlọ́ yìí ni pé kí a tó sọ pé ẹnìkan ló fi oògùn di ohun èlò wa, ká kọ́kọ́ mọ bí ara tiwa ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà kò bá gbé wa débẹ̀, kí ojú má tì wá láti gba òdìkejì.

Ibí ni ẹtù ààlọ́ mi tán sí. Ẹni tó bá ní mo tàsé, kó dìde, kó yin tirẹ̀.